Ìdídò Ọ̀yán àti Owó Ìwádìí: Bí Ìjọba Ilẹ̀ Wa Ṣe Ń Náwó sí Ìmọ̀ Agbára Mànàmáná

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1983, Ààrẹ Shehu Shagari tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ilẹ̀ ọmọ Líṣàbí Agbòǹgbò Àkàlà, láti wá ṣí ìdídò Ọ̀yán, tí ó wà ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí Abẹ́òkúta. Odò Ọ̀yán, tí ó ti ń ṣàn bọ̀ láti òkè wá bá odò Ògùn kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, ni wọ́n fi ògiri dí, ògiri tí gígùn rẹ̀ lé ní 1,000 mítà, tí gíga rẹ̀ sì tó 30 mítà, títí omi fi gbá jọ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí ọ̀sà, tí ó sì bo ilẹ̀ tí àwọn baba ń dáko sí. Wọ́n ní omi náà yóò tó Èkó àti Abẹ́òkúta mu, wọ́n ní yóò rin oko, wọ́n sì ní yóò tan iná. Nítorí ìkẹta yìí ni wọ́n ṣe gbé tọ́báìnì mẹ́ta kalẹ̀ níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú mẹ́gáwáàtì 3 jáde. Omi dé Èkó, omi dé Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 2007, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí Ààrẹ ti ṣí i tí ó sì ti padà lọ, àwọn tọ́báìnì mẹ́ta náà kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà wọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń dá owó sí ọ̀rọ̀ agbára láti ìgbà òmìnira wá, mo rò pé kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìṣúná; kí ó kọ́kọ́ lọ dúró lórí ògiri Ọ̀yán. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i kedere pé owó tí a ná kò kéré, àti pé ẹ̀rọ ni owó náà rà wá sílé. Ìmọ̀ tí ó bí ẹ̀rọ, òun ni ó kù sí ọjà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí kò ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ láti ìdí.

Kí ọ̀pọ̀ ènìyàn da agbára pọ̀ láti ṣe ohun tí apá ẹnì kan kò lè ká, kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí àjàgà àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, wúwo lọ́rùn àwọn baba wa, kí Líṣàbí tó gbé idà, ẹgbẹ́ aáró ni ó kọ́kọ́ dá: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, títí iṣẹ́ yóò fi kárí, láti inú àṣepọ̀ yìí ni agbára tí ó já àjàgà náà ti jáde. Nígbà tí ogun sì fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ká, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, wọn kò pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ̀rọ àwọn òyìnbó tó wá bá wọn. Ní àwọn ọdún 1850, Henry Venn, akọ̀wé ìjọ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, ń wá ọ̀nà tí òwú Ẹ̀gbá yóò fi di ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí Manchester láti kọ́ bí a ṣe ń ya òwú, bí a ṣe ń dì í, àti bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ rẹ̀. Henry Robbin wà nínú wọn, nígbà tí ó sì padà dé, òun pẹ̀lú Samuel Crowther kékeré, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, wà lára àwọn tí ó ń mójú tó ilé iṣẹ́ òwú tí wọ́n dá sílẹ̀. Èrè ara rẹ̀ ni Clegg ń wá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òwú ni oúnjẹ àwọn ilé ìhunṣọ Manchester. Síbẹ̀ ó mọ ohun kan tí àwọn tí ó jẹ oyè lórí wa lẹ́yìn ìgbà rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbàgbé: pé bí a bá ra ẹ̀rọ láìra ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, irin ni a rà.

Àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn sì mọ bí a ti í wá owó ìlú. Ní ọdún 1865, ìgbìmọ̀ alákòóso tí G. W. Johnson jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí ẹrù tí ń jáde ní ìlú. Láti ọdún 1898, Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá, lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, tí Adégbóyèga Ẹdun wá di akọ̀wé àgbà rẹ̀, ń gba owó bodè, ó ń la ọ̀nà, ó sì ń ṣètò omi ẹ̀rọ fún ìlú. Ọdún 1914 ni Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira yìí lọ́wọ́ wa. Láti ọjọ́ náà ni àpò ti kúrò ní Aké, ó dé Èkó, ó sì ti Èkó dé Àbújá, tí ó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí a bá ń sọ nípa owó ìwádìí lónìí, ẹnu ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni a ti ń sọ ọ́.

Ní Èkó, iná mànàmáná ti ń tàn láti ọdún 1896. Èédú tí a rí ní Udi ní ọdún 1909, tí a bẹ̀rẹ̀ sí wà ní ọdún 1915, wá di oúnjẹ fún ọkọ̀ ojú irin tí ń gba Láfẹ́nwá kọjá àti fún ilé agbára ní Ìjọ́ra. Ọdún 1950 ni òfin dá àjọ mànàmáná sílẹ̀, E.C.N. tí àwọn àgbà wa mọ̀. Nígbà tí àjọ náà sì kọ́ ilé ńlá sí Marina, Ben Enwonwu ni ó mọ ère Ṣàngó síwájú rẹ̀ ní ọdún 1964, Olúkòso, ọkọ Ọya, ọba tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ère náà, nítorí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ni ó ṣe é, láti inú ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa mànàmáná. Kí ẹ̀rọ inú ilé náà rí bẹ́ẹ̀ ni ìbá dára. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n kọ́ ìdídò Kainji, tí a ṣí ní ọdún 1969, ọdún mẹ́ta kí E.C.N. àti àjọ ìdídò odò Ọya tó parapọ̀ di NEPA. Àwọn ará Jàpáànì ni wọ́n kọ́ Ẹ̀gbìn. Nígbà tí ó sì kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n kọ́ ìpele kìíní ibùdó iná Ọlọ́runṣògo ní Papalanto, mẹ́gáwáàtì 335, tí ó ń jẹ gáàsì tí a fi páìpù gbé wá láti Escravos. N kò bá àwọn àlejò wọ̀nyí jà, iṣẹ́ tí a gbà wọ́n fún ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé àdéhùn wọ̀nyí, ibo ni orúkọ Henry Robbin wà?

A kò lè sọ pé ìjọba kò ronú kan ọ̀rọ̀ ìmọ̀ yìí. Ọdún 1973, nígbà tí ogun àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì gbé owó epo rọ̀bì sókè, tí náírà sì ń rọ́ wọlé bí omi òjò, ni ìjọba ológun ti ṣòfin owó àkànṣe fún ìdàgbàsókè ìmọ̀ ẹ̀rọ epo, tí a ń pè ní PTDF, láti rọ́pò owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ṣòfin rẹ̀ ní ọdún 1964 ní orúkọ ilé iṣẹ́ Gulf Oil. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, tí ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys’ High School ní Abẹ́òkúta wa níbí, gba ìjọba ní oṣù Kejì ọdún 1976. Ní ọdún náà gan-an ni òfin àjọ agbára átọ́míìkì jáde, ọdún náà ni wọ́n dá àwọn àjọ agbada odò mọ́kànlá sílẹ̀, tí ti odò Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú wọn, èyí tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ọdún 1977, wọ́n dá àjọ ìdàgbàsókè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọdún 1979, kí àwọn ológun tó gbé ìjọba fún Shagari, òfin kejìlélọ́gọ́ta ọdún náà dá Àjọ Agbára Nàìjíríà sílẹ̀, láti jẹ́ ojú àti etí ìjọba lórí ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ agbára: kí ó máa pète, kí ó máa ṣètò ìwádìí, kí ó sì máa sọ fún ìjọba ibi tí owó yẹ kí ó bọ́ sí. Bí ènìyàn bá ka àwọn òfin wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, yóò fi fìlà dúpẹ́. Orílẹ̀-èdè tí ó ní wọn lọ́wọ́, tí ó sì ń ta epo, kò yẹ kí ó wo ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebu tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. PTDF tí òfin rẹ̀ jáde ní 1973, ọdún 2000 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àjọ átọ́míìkì tí òfin rẹ̀ jáde ní 1976, ọdún 2006 ni a tó gbé e dìde, ọgbọ̀n ọdún gbáko, Ọbásanjọ́ tí ó ṣe òfin náà nínú aṣọ ológun ni ó sì padà wá fi agbádá jí i. Àjọ Agbára ti 1979 dùbúlẹ̀ títí di ìgbà tí òfin méjì mìíràn, ti 1988 àti ti 1989, fi gbé e lẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olórí ECOWAS ti pinnu ní 1982 pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀. Àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, wọ́n sì fẹnu kò pé kí a máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè bá pa jọ sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ títí di òní.

Wọn a máa di ẹ̀bi ìlọ́ra yìí ru owó epo tí ó wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tèmi wo ibòmíràn pẹ̀lú. A lè fi ìlù àti fèrè ṣí ìdídò. Ìmọ̀ tí ó wà ní orí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ilẹ̀kùn tí Ààrẹ lè ṣí, kò sì sí ìjọba tí ó fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún rí èso rẹ̀ jẹ. Níbi tí owó náà sì ti dé, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a gbà á láyè kí ó jókòó: ní 2006 àti 2007, owó PTDF ni ó wà nídìí ìjà tí ó da Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ sí méjì, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lé e lórí, nígbà tí yàrá ìwádìí púpọ̀ ní àwọn yunifásítì wa kò ní iná tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ kí n yin àwọn tí ó fi ìwọ̀nba tí ó kàn wọ́n ṣe gudugudu méje. Ibùdó ìwádìí agbára mẹ́rin ni a lè pè ní òpómúléró: ti Ilé-Ifẹ̀ àti ti Zaria, tí wọ́n ti ìdajì kejì àwọn ọdún 1970 bẹ̀rẹ̀, àti ti Nsukka àti ti Sókótó, tí wọ́n tẹ̀lé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn ará Nsukka àti Sókótó kọjú sí oòrùn, tí Ọlọ́run fún wa láìgba kọ́bọ̀: wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbẹ irè oko, èyí tí ń mú òròmọdìyẹ móoru, èyí tí ń se oúnjẹ, wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù ṣe gáàsì ìdáná, wọ́n ṣe ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀, ohun tí ìyá aláró ní Ìtòkú, tí ń ra igi ìdáná lójoojúmọ́, ìbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà bí ẹnìkan bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Zaria, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan tí a rà láti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2004. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílówáàtì 30 lọ, kò lè tan iná fún àdúgbò kan, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wa ń fi í yẹ erùpẹ̀ àti oúnjẹ wò láti mọ ohun tí ó wà nínú wọn, wọ́n sì ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ náà. Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń fi eré àsápajúdé rán ègé átọ́ọ̀mù láti yẹ nǹkan wò, tí a ṣí ní 2008. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan jókòó nínú ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ agbára, kí a bèèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́. Kì í pẹ́ kí a tó gbọ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí.

Ní ọdún 1983 kan náà tí a ṣí Ọ̀yán, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò: tọ́báìnì mẹ́ta lẹ́yìn odi ìlú, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìmọ̀ ẹ̀rọ láàárín ìlú, méjèèjì ní ọdún kan. Ìbá ti dùn tó kí ọ̀kan jẹ́ ìwé kíkà fún èkejì! Ọdún 1984 ni ìjọba ológun tuntun pa ilé ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ Yunifásítì Èkó, ó di ẹ̀ka. Ìgbà tí yóò tún dá dúró ní ọjọ́ kìíní ọdún 1988, ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ dára, n kò sọ̀rọ̀ òdì sí i. Àwọn tọ́báìnì Ọ̀yán ni wọ́n pàdánù olùkọ́ wọn kí wọ́n tó rí i.

Ẹ̀gbẹ́ adágún Ọ̀yán sì ni a tún ti rí ohun tí àìṣèwádìí ṣáájú ń fà. Omi tí ó dúró jẹ́ ilé fún ìgbín kéékèèké tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àwọn ọmọ àwọn apẹja àti ti àwọn ará abúlé tí wọ́n ṣí nípò kúrò nítorí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá lẹ́yìn náà, wọ́n kà wọ́n, wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn náà ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Èmi kò lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ọkàn mi má bàjẹ́, nítorí ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù, ìjọba tí ó sì rí owó ra kọnkéré kò yẹ kí ó ṣe aláìní owó tí yóò fi bi àwọn onímọ̀ léèrè kí omi tó kún.

Ọ̀nà tí ó súnmọ́ aáró Líṣàbí jù nínú gbogbo ètò tí a ti gbìyànjú ni èyí tí ó ń bu díẹ̀ nínú èrè gbogbo ilé iṣẹ́. Òfin owó orí ẹ̀kọ́ ti ọdún 1993 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn. Ní 2023 ó di ìdá mẹ́ta, láti inú rẹ̀ sì ni àjọ TETFund ti ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní owó ìwádìí, ti agbára pẹ̀lú, títí di ìparí ọdún 2025. NASENI, tí a dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa ṣe ẹ̀rọ ní ilẹ̀ wa, tí ó sì ní ilé iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ní Karshi lẹ́bàá Àbújá, ni òfin ìnáwó 2021 yan ìpín díẹ̀ fún láti inú èrè àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bí báńkì àti ti tẹlifóònù. Ní Brazil, níbi tí àwọn Àgùdà ti padà wá bá wa, òfin ọdún 2000 pa á láṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná pé kí wọ́n máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún wọn sọ́tọ̀ fún ìwádìí àti fún lílo iná lọ́nà tí kò ní ìfiṣòfò. Mo fẹ́ràn ti Brazil nítorí pé ẹni tí ń jẹ nínú iná ni ó ń dáwó fún ìmọ̀ iná. Àwọn tí ó ra àwọn ilé iṣẹ́ NEPA àtijọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, tí ti Ìbàdàn tí ń fi ìwé owó iná ránṣẹ́ sí wa ní Abẹ́òkúta wà nínú wọn, kò sí lára àwọn tí a pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún. Bí àwọn aṣòfin bá tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ ni ìbá wù mí kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti Pánṣẹ́kẹ́ rìn wọ Àdìgbẹ lónìí, tí ó sì ń lọ sí ọ̀nà Ọbàdá, yóò rí ìtàn yìí lójú rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá níwájú ilé aránṣọ àti ilé onígẹ̀rígẹ̀rí, èéfín wọn lójú ọ̀nà, ìyá ẹlẹ́ja tútù tí ń gbà á ládùúrà kí iná dé kí yìnyín tó yọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye rẹ̀ sì fò sókè, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ti ń pọ̀ sí i lórí òrùlé. Àwọn ọmọkùnrin tí ó ti ń wẹ́ẹ̀dì irin, tàbí tí ó ti ń tún rédíò ṣe, ni wọ́n ń gun òrùlé náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bátìrì, nípa èyí tí ooru ilẹ̀ wa ń tètè pa àti èyí tí ó ń fara dà á, owó ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó oníbàárà wọn nígbà mìíràn. Ìwádìí ni èyí pẹ̀lú, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná kankan.

Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa yẹn, tí ó wà ní ọ̀nà Alábàtà, wà nínú àwọn tí àjọ iná ìgbèríko yàn fún ìpele kejì ètò ibùdó agbára oòrùn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ètò náà sì sọ pé ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò ní ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí irú agbára bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ju pánẹ́ẹ̀lì lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni yóò kọ́kọ́ jókòó nínú rẹ̀, bí ó ti yẹ. Mo bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n fi ìjókòó díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń gun òrùlé ní Àdìgbẹ, kí wọ́n gbé bátìrì tí ó ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ wá, kí wọ́n sì bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tú u wò.